Ọjọ́ Wo Ni Àlejò Ń Di Onílé?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará Àgbádárìgì sọ nìyí, ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀, tí èmi náà kò rántí ohun tí mo sọ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fi bisikíìtì fà wá síbí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹni tí Yorùbá kò bá já gaara létí rẹ̀ nínú yín, kí ẹni tó jókòó tì í bá mi tú u sí Ègùn fún un. Mo mọ̀ pé kò sí ìlà àga kan níbí tí a kò ti ní rí ẹni tó gbọ́ méjèèjì.

Bí mo ṣe ń wọlé, ọmọdébìnrin tó ń pín omi lẹ́nu ọ̀nà kí mi pé "kúabọ̀". Ègùn nìyẹn. Yorùbá ní "ẹ kú àbọ̀". Àwọn Akan ní Gánà, níbi tí wọ́n bí mi sí, ní "akwaaba". Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, n kò sì ní dá ẹjọ́ ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n láti Kumasi títí dé ibi tí mo dúró sí yìí, ọ̀rọ̀ tí a fi ń gba àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń lé e ló yàtọ̀: ìjọba ló máa ń kọ ìyẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà.

Ní ìkóríta tó wà lẹ́yìn ilé mi, obìnrin kan máa ń sọ ìkòkò méjì kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ̀wà ló wà nínú ọ̀kan, ó ti rọ̀ débi pé eyín kò ní iṣẹ́ láti ṣe sí i. Ata ló wà nínú èkejì: ata gbígbẹ tí a kò lọ̀ kúnná, àlùbọ́sà tí wọ́n dín títí ó fi dúdú, epo pupa tí wọ́n yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi sá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí á rò pé ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lábẹ́ mọ́tò ni. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tíṣà, ọlọ́pàá tó ń lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wa la máa ń tò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ àti búrẹ́dì Agége lábíyá. "Ìyá Àgànyìn, ẹ bu 500 fún mi." "Ìyá Àgànyìn, ata mi ò tó o!"

Àgànyìn kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orúkọ tí àwa Yorùbá fi ń kó gbogbo ẹni tó bá ti apá Tógò àti Gánà wá pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ó súnmọ́ ogún ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà obìnrin yìí. Mo mọ ọjọ́ tí kì í tà. Mo mọ̀ pé bí ó bá ti ń fi ìdí ṣíbí lu etí ìkòkò, ẹ̀wà ti kù díẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ga jù ú lọ. Orúkọ rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé fún ogún ọdún láìmọ orúkọ rẹ̀, àti iye tí àìmọ̀ yẹn ń ná an.

Ó nídìí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Kumasi ni wọ́n bí mi sí ní 1960, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Bàbá mi ń ta dígí, abẹ́rẹ́, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà ńlá Kumasi, ìyá mi ń ránṣọ. Àlátà ni àwọn Ashanti ń pè wá. A kì í bínú sí i, torí àwa náà ní orúkọ tí à ń pè wọ́n lẹ́yìn. Twi ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí Yorùbá tó wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé bàbá wọn àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ sin síbẹ̀. Ẹni tó bá ta ọjà láwìn, oníbàárà wo ni yóò san gbèsè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tó ti mọ̀ pé olówó ń lọ, kò sì ní padà? Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Onímọ́tò ní òun kò lè gbé tábìlì àti irin ìdí rẹ̀. Ló bá tú orí ẹ̀rọ kúrò, ó ta ìdí rẹ̀ fún obìnrin kan ní àdúgbò ní owó tí kò lè ra iṣu mẹ́ta, ó fi ìró wé orí ẹ̀rọ náà bí ọmọ tuntun, ó sì gbé e lé itan láti Kumasi, a gba Lomé, a gba Kùtọnú, títí a fi dé Ìdí-Ìrókò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni èmi jókòó sí. Bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò, irin yẹn á gbá mi lórí.

Nígbà tí a dé Ogbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Yorùbá, wọ́n sọ mí ní Kófí. Ní Gánà, Àlátà. Nílé baba mi, Kófí. Mo jẹ́ orúkọ yẹn fún ọdún mẹ́rin kí ó tó rẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nìkan ni mo wá ṣe níwájú yín. Ní 1983, ó kàn wá láti lé tiwa. Iye epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, iṣẹ́ ti wọ́n, ìbò sì ń bọ̀ lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fún ìjọba Shehu Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹni pé inú ìwé kan náà ni wọ́n ti dà á kọ! Àwọn ará Gánà tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ibodè rẹ̀ pa láti ọdún tó ṣáájú, ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà, ojú títì láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n há sí. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú yín rí i. Báàgì oníkálàkálà tí wọ́n kó ẹrù sí nígbà yẹn, ẹ mọ orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Kò sí ilé kan níbí tí Ghana-Must-Go kò sí. A sọ lílé ènìyàn di orúkọ àpò, a wá ń fi kó aṣọ lọ sóde ìgbéyàwó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú yìí. Èmi àti tíṣà ìṣirò kan, ará Cape Coast, la jọ háyà yàrá nínú ilé kan náà. Òun ló ń bá mi wo ìwé ìdánwò mi. Nígbà tí ó ń di ẹrù, ó gbé rédíò rẹ̀ wá bá mi pé kí n rà á. Mo san ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni, òun náà mọ̀. Kò bá mi nájà. Nígbà tí mo dé Ogbómọ̀ṣọ́ fún ìsinmi, mo gbé rédíò náà han ìyá mi, mo sì sọ iye tí mo rà á. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "O ò wá rí i bí? O ti mọ irú ẹni tó ra ìdí ẹ̀rọ mi báyìí."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò náà ṣì wà nílé mi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti 1991, n kò sì lè gbé e jù nù.

Ó yẹ kí ìlú yìí gan-an mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ìlú mìíràn lọ. Ọba Agaja ti Dàhòmì kó Àládà ní 1724, ó kó Ouidah ní 1727. Àwọn tó sá fún ogun náà fọ́n ká sí etí òkun àti etí ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ilé Ègùn tó wà níbí ló sì ń tọpa ìran wọn dé ọ̀hún. Àwọn Àwórì ló jẹ́ aládùúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n rọ Ọba Adélé lóyè l'Ékòó, ibo ló sá wá? Ibí ni. Nígbà tí àwọn Sàró, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé baba wọn padà láti Freetown, etíkun Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé. Àjàyí Crowther wà nínú wọn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì já a gbà ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní 1845 tó dé ibí, Abẹ́òkúta ló ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà kò sì dára, ni ọkùnrin náà bá jókòó sáàárín yín fún bí ọdún kan ààbọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fojú kan ìyá tó bí i lọ́mọ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé lọ́dún kan ààbọ̀ yẹn, ta ló ń ta oúnjẹ fún un? Kí ni wọ́n ń pè é?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀: ogúnléndé. Ẹni tí ogun lé dé. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe so ó. Wọn kò bèèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe, wọn kò bèèrè òṣèlú tó wà. Ogun lé e, ó dé, ó parí. Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ òfin ogúnléndé ti Geneva ní 1951, ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù inúnibíni nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tó wà, tàbí èrò rẹ̀ lórí òṣèlú. Ó dára, ṣùgbọ́n ó há. Ẹni tí ìbọn kàn ń yìn lójú pópó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó ṣe inúnibíni sí i ńkọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ló fẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàdé ní Addis Ababa ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, 1969, wọ́n ní ẹni tí ogun láti ìta tàbí rògbòdìyàn tó ba ìlú jẹ́ bá lé kúrò nílé náà, ogúnléndé ni. Ìtumọ̀ tí Yorùbá ti fún un tẹ́lẹ̀ nìyẹn. (Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n lé wa ní Gánà. Kò sí ogun tó lé wa, nítorí náà, òfin náà kò kàn wá.)

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé jíjẹ́ ogúnléndé lè dópin. Ẹ rántí ibùdó tó wà ní Òrú, lọ́hùn-ún ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ṣí ní 1990 fún àwọn ará Làìbéríà. Ní 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà) àti àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé fọwọ́ sí i pé ẹni tí kò bá fẹ́ padà nínú wọn lè gba ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀, kó sì máa gbé Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS, kó ṣiṣẹ́, kó má jẹ́ ogúnléndé mọ́. Ìwé ló ṣe é.

Ó yá, ẹ padà sídìí ẹ̀wà.

Òjò ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti lé gbogbo oníbàárà, èmi àti òun nìkan la wà lábẹ́ agboòrùn. Ó ní Lomé ni òun wà ní 2005. Ààrẹ Eyadéma ti Tógò kú ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n dìbò ní oṣù kẹrin, wàhálà sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn bí ọ̀kẹ́ méjì ló sá lọ sí Gánà àti Kùtọnú nínú rògbòdìyàn yẹn. Òun pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà wà nínú wọn. Láti Kùtọnú, ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé iṣẹ́ ẹja wà ní etíkun níbí, níbi tí àwọn apẹja láti Kẹ̀tá ní Gánà ti ń fa àwọ̀n láti ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n ṣe dé nìyẹn. Mo ní, "Ṣé o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ogúnléndé?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíṣà, tí mo bá lọ to ìlà, ta ló máa se ẹ̀wà?"

Òun kò mọ̀ pé ogúnléndé ni òun. Ohun tí òun mọ̀ ni ibodè. Òfin ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé ìrìnnà lè wọ ìlú ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn láìsí físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Bó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ìwé ìgbélùú. Lórí ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gun mọ́tò láti Sẹ̀mẹ̀ dé Mílé 2, kí ẹ sì ka iye ibi tí wọ́n ti na igi dínà. Ẹni tó ní ìwé ń sanwó, ẹni tí kò ní ń sanwó. Ìyá Àgànyìn ní òun kò rí ìdí tí òun fi máa ná owó ìwé nígbà tí ìwé kò dá igi náà dúró. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Èsì náà dé fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìpè lórí láìnì tí kò bá ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ni. Láìnì rẹ̀ wà nínú wọn, nọ́ńbà tó ti fi ọ̀dà kọ sára kúlà rẹ̀. Ó gba láìnì àti àkáǹtì ẹnì kan lò. Àwa oníbàárà ń fi owó ẹ̀wà ránṣẹ́ sórí fóònù, orúkọ ẹlòmíràn ló ń yọ lójú fóònù wa, kò sì sí ẹni tó bèèrè nínú wa. Ọjọ́ tí ẹni náà kó lọ sí Ìbàdàn, owó àpò ẹ̀wà méjì bá a lọ. Ibo ni obìnrin náà yóò gbé ẹjọ́ lọ? Orúkọ ta ni yóò kọ síbẹ̀?

Oyún oṣù mẹ́fà yẹn ti di géńdé. Àgbádárìgì ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Ègùn bí ọmọ Ègùn, ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Yorùbá, kò fẹsẹ̀ tẹ Lomé rí. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó fẹ́ ṣe JAMB, wọ́n ní kó mú NIN wá. Ó wá ń bá àwọn tó ń lẹ táìsì ṣiṣẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè wa, abala 25, kò ka ilẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ sí. Ẹ̀jẹ̀ ló kà: bàbá, ìyá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn àgbà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kan wà tí kò sí ẹni tó sọ fún un. Òfin tó dá NIN sílẹ̀ kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni. Àjèjì tó bá ti ń gbé níbí lọ́nà òfin fún ọdún méjì lè gbà á. Ọ̀nà òfin yẹn, ìwé ìgbélùú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé tí ìyá rẹ̀ rò pé kò wúlò nítorí pé kò dá igi ojú títì dúró.

Ibi tí mo ń bọ̀ ti dé. Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn díẹ̀.

Abala 27 ìwé òfin 1999 ló sọ bí àjèjì ṣe lè di ọmọ Nàìjíríà. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn rere. Àwọn nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ààrẹ ni ìwé náà sì ti ń jáde. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo kà tí mo tún un kà. Ó ní gómìnà ìpínlẹ̀ tí ẹni náà fẹ́ máa gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò ibẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ìṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ta ni ará àdúgbò? Ẹ̀yin ni. Ìwé òfin tó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí ní kí wọ́n bi yín léèrè. Mo ti béèrè lọ́wọ́ olórí àdúgbò méjì, kò sí èyí tó gbọ́ ọ rí. A máa ń pa á lówe pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, n kò sì rí i pé irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ewé kì í fúnra rẹ̀ di ọṣẹ. Ẹni tó ń ta ọṣẹ ló ń gbé òṣùwọ̀n, òun ló máa sọ bóyá òun ka ewé mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Abala 26 jẹ́ kí obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú. Ọkùnrin ará Tógò tó bá fẹ́ ọmọbìnrin yín kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ó gbé iṣu wá, ó dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ ẹ, àna yín ni. Òfin kò mọ̀ ọ́n lána.

Wàyí o, ta ló yẹ kó gbẹnu sọ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Mo ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà, agbẹnusọ. Bí mo bá gbé ẹnu rẹ, kí lo fẹ́ fi jẹun? Àwọn kan wá sí etíkun níjọ́ kan pẹ̀lú báńà àti kámẹ́rà. Wọ́n pín ìrẹsì fún àwọn obìnrin apẹja, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn báńà, wọ́n ya fọ́tò, ẹni tó gbé makirofóònù sì ń sọ ìyà tó ń jẹ àwọn obìnrin náà ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́. N kò sọ pé ìrẹsì kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ, mo bi ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ohun tí wọ́n sọ nípa wọn. Ó ní, "Wọ́n ní ebi ń pa wá. Kò pa wá lánàá."

Ohun tí àwa Yorùbá fi gbé ilé ẹlòmíràn nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Ní Gánà àti ní Abidjan, a kì í dé ìlú kan kí a má fi ẹnì kan jẹ olórí Yorùbá ibẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ wa, olórí náà ni yóò lọ. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú onílẹ̀, òun náà ni. Èsúsú wa ń sin òkú, ó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Àwọn ará Gánà náà ń dá a, susu ni wọ́n ń pè é. Láìsí báńà, láìsí kámẹ́rà. Àwọn obìnrin ìyá Àgànyìn náà ní tiwọn, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń kó o, abẹ́ igi àgbọn kan. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Wọ́n ní bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà, òun ni wọ́n fi ń gbà á. Mo ní kí wọ́n bá mi ka iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún tuntun. Wọ́n kà á. Ẹnu ya àwọn fúnra wọn.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn ni pé kí èsúsú náà máa ra ìwé ìgbélùú fún ẹnì kan ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ní ọmọ nílé-ìwé ṣáájú. Kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì owó ilé, káàdì àjẹsára ọmọ, ìwé ìbí rẹ̀, rìsíìtì ilé-ìwé, ohunkóhun tó bá ní ọdún lára. Ọdún tí ẹnu nìkan lè jẹ́rìí sí, ta ni yóò bá ọ kà á ní Abuja? Kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa bá olórí àdúgbò sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, kí a má yàn án fún wọn. Ti àwa onílé ni pé kí olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí orúkọ wọn wà, orúkọ wọn gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dé.

Bàbá kan ti ń mi orí láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Mo rí yín, bàbá. Ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba ibodè kó ẹrù òfin wọlé, àti àwọn tó jalè tó sá padà sí òdìkejì. Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí ilẹ̀kùn má ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìjọba ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ta ni ebi pa jù? Ọ̀nà ẹ̀gbẹ̀gbẹ́ kò ti, àwọn oníṣẹ́ òru ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó ń ta tòmátì, àwọn tó ń gbé èrò, àwọn tí ìyá wọn wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọn kò lè lọ sin òkú, àwọn ni kọ́kọ́rọ́ náà há mọ́. Àti pé, bàbá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olórí àdúgbò ni a lè mú bó bá jalè. Àgànyìn, a kò lè mú un. Àgànyìn pọ̀ jù.

Mo ní kí ìyá ẹlẹ́wà wá síbí lónìí. Ó ní ẹ̀wà kì í dúró de ọ̀rọ̀ àsọyé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, nígbà tí ó bù ú tán fún mi, mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí dúró lókè ìkòkò, ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ òun. "Bàbá Tíṣà, lónìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí?" Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Mo pè é, n kò pè é re. Ó tún un pè, mo tún un pè, àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi ń pariwo pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ yáa ṣe kíá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pè.

N kò ní sọ ọ́ fún yín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó wá bi òun fúnra rẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ń dé. Ẹ mú abọ́ dání.